Títún Firefly Àtijọ́ Ṣe: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Gba Ọkọ̀ Ìdíje Onípákó Lọ́wọ́ Ìjẹrà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ìdíje kékeré onígbòkun tí a fi pákó ṣe kò kú sínú omi. Orí ilẹ̀ ni wọ́n kú sí. Wọ́n gbé wọn kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, tapólì tí wọ́n fi bò wọ́n ya, òjò rọ̀ sínú wọn, omi náà dúró síbẹ̀ láti ìgbà òtútù kan dé òmíràn, pákó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Iyọ̀ inú omi òkun kì í jẹ́ kí àwọn olú kéékèèké tí ń jẹ pákó gbèrú, ṣùgbọ́n omi òjò tí kò ní iyọ̀ ni oúnjẹ wọn. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé gbogbo iṣẹ́ tí a óò ṣe nísàlẹ̀ yìí, láti orí gbígbẹ títí dé orí fáníṣì, omi òjò ni a ń bá jà.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Firefly. Uffa Fox ni ó ya àwòrán rẹ̀, ilé iṣẹ́ Fairey Marine tí ó wà ní Hamble, ní etí omi gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1946. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, ènìyàn méjì ni ó sì ń wà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ìdíje Òlíńpíìkì ti 1948, tí àwọn onígbòkun ṣe tiwọn ní Torquay, ènìyàn kan ṣoṣo ni ó wà nínú Firefly kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni Paul Elvstrøm, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ti gba àmì ẹ̀yẹ wúrà àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tí ó gbà ní Òlíńpíìkì mẹ́rin léraléra.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kan ọkọ̀ yìí ni ó yẹ kí ẹ lóye dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Wọn kò to pákó gbọọrọ lé egungun bí ti àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Wọ́n gé pákó sí awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n tẹ́ ìpele kan ní dàgẹ̀rẹ̀ lé orí àwòṣe ńlá, wọ́n fi gúlù sí i, wọ́n tẹ́ ìpele kejì kí ó dábùú ti ìṣáájú, wọ́n sì tún tẹ́ òmíràn lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àpò rọ́bà bò ó, wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú àpò náà jáde, wọ́n sì tì í sínú ìkòkò irin ńlá tí ó kún fún ooru omi gbígbóná títí gúlù yóò fi gan. Iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn tí ń fi pákó ṣe ọkọ̀ òfuurufú kọ́ ní àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n mú wá sí ẹ̀ka ọkọ̀ omi. Ohun tí ó jáde ni ìhà ọkọ̀ kan tí ó fúyẹ́, tí kò ní ojú ìsopọ̀, tí ó sì le gan-an. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ìpele kọ̀ọ̀kan kò tó mílímítà mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fi sáńdípépà ya ìpele òde ti ba ohun tí owó kì í dá padà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa igi wọ̀nyí, nítorí ó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Igi tí Fairey lò jù fún irú awẹ́ yìí ni èyí tí àwọn oníṣòwò gẹdú ń pè ní agba, igi tí ó ń hù nínú igbó Nàìjíríà. Bí ẹ bá sì ṣí ìwé orúkọ gẹdú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ óò rí ìrókò, ọ̀pẹ̀pẹ̀, ìdígbó àti afárá níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí àwọn baba wa fún wọn, àmì ohùn nìkan ni wọ́n yọ kúrò. Igi pupa dáradára tí a mọ̀ sí sapele pàápàá, ìlú Sapele ní gúúsù Nàìjíríà ni ó fún un lórúkọ. Nígbà tí mo bá ń fá fáníṣì dúdú kúrò lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà kan ní England, tí òórùn igi náà sì jáde, mo mọ̀ pé nǹkan ilé wa ni mo ń tún ṣe.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú owó ẹyọ kan tàbí èèkù irin kékeré dání, kí ẹ sì fi kan gbogbo ara ọkọ̀ náà, níwọ̀n ìka mẹ́rin sí ara wọn. Ibi tí pákó ti dára yóò dún kó-kó-kó. Ibi tí awẹ́ ti yà kúrò lára ara wọn yóò dún pò-pò, bí ìlù tí awọ rẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì yí gbogbo ibi tí ó bá dún báyìí ká. Lẹ́yìn náà, ẹ mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ibi tí omi ti ń sá pamọ́ sí: orígun pákó ìdí ọkọ̀, igi tí òpó ìgbòkun dúró lé, ìsàlẹ̀ àpótí tí pátákó àárín (èyí tí a ń tì wọ inú omi kí ọkọ̀ má baà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́) ń wọ̀, abẹ́ igi etí ọkọ̀, àti ibi tí ọkọ̀ fi jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ìfàkọ̀. Bí irin bá wọlé láìjà, ìjẹrà ti wà níbẹ̀. Àwọ̀ dúdú nìkan kò túmọ̀ sí ìjẹrà. Ó lè jẹ́ pé omi kàn gba abẹ́ fáníṣì kọjá ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yẹ̀ wò ni bí ọkọ̀ náà ṣe dúró. Ẹ na okùn tínínrín láti orí ọkọ̀ dé àárín ìdí rẹ̀, kí ẹ dúró lẹ́yìn, kí ẹ sì wo bóyá etí ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba sí okùn náà. Ní tèmi, ọkọ̀ tí ó ní ihò mẹ́ta ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ gún régé sàn ju èyí tí ó ń dán ṣùgbọ́n tí ó ti lọ́. A lè dí ihò. Ìhà tí a fi ooru mọ tí ó sì ti lọ́ kò ṣeé nà padà. Ẹ sì sá fún ọkọ̀ tí ẹnì kan ti fi fàíbà bo òde rẹ̀ kí ó má baà jò. Fàíbà náà yóò sọ ọkọ̀ di ẹrù wúwo, yóò sì há omi mọ́ inú pákó, ìjẹrà yóò máa lọ lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ẹ tún wo nọ́ńbà ọkọ̀ náà, kí ẹ sì béèrè ìwé ìwọ̀n rẹ̀, nítorí wọn ni yóò sọ ọdún tí wọ́n kàn án, tí yóò sì jẹ́ kí ẹ lè gbé e lọ síbi ìdíje.

Gbígbẹ rẹ̀

Ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ gbogbo rẹ̀, tinú tòde, nítorí pé iyọ̀ tí ó bá kù lára pákó yóò máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́ wá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ojú rẹ̀ dé sórí ìdúró onígi méjì lábẹ́ òrùlé, níbi tí atẹ́gùn ti ń kọjá lábẹ́ àti lókè. Ẹ ṣí gbogbo ihò ìṣanmi sílẹ̀. Kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni sùúrù máa ń tán. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo tún ṣe, mo gbé ẹ̀rọ amúlégbóná sí abẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì nítorí pé mo fẹ́ kí ó bọ́ sómi kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Awẹ́ òde gbẹ, ó sún kì, nígbà tí ti inú ṣì tutù. Gúlù àárín wọn kò gbà á, ibi tí ó gùn tó apá mi sì ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tún ohun tí mo bà jẹ́ lọ́jọ́ mẹ́rin ṣe. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ̀rinrin pákó, kò wọ́n. Ẹ yan ibi mẹ́wàá lára ọkọ̀, ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ ọn, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ̀rọ náà bá sọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wá sí nǹkan bí 12%, tí kò sì yí padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gúlù. Bí ó bá ju 15% lọ, ẹ dúró.

Ìmọ̀ràn yìí kò bá gbogbo ọkọ̀ mu. Àwọn ọkọ̀ tí a fi pákó gbọọrọ kàn kí etí ọ̀kan gun orí èkejì, tí a sì fi ìṣó bàbà dè, irú èyí tí ó pọ̀ láàárín àwọn Merlin Rocket àti National 12 àtijọ́, kò fẹ́ gbígbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé pákó wọn yóò sún kì, yóò sì sán lójú ìṣó.

Àkọsílẹ̀ àti títú

Ẹ ya àwòrán ohun gbogbo kí ẹ tó tú ohunkóhun, pẹ̀lú rúlà nínú àwòrán náà. Irin kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yọ, ẹ fi sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí ó ti wá sí i lára. Kí ẹ tó yọ ìjókòó tàbí igi tí ó dábùú inú ọkọ̀, ẹ gé pákó mẹ́ta sí àwòrán ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, ẹ fi kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tẹ́ wọn, kí ọkọ̀ sì jókòó sínú wọn. Àwọn ìjókòó yẹn ni ó di ìhà méjèèjì mú. Bí ẹ bá yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ohun tí ó gbé ìhà ró, ọkọ̀ yóò là síta, kò sì ní padà sí bí ó ṣe wà mọ́.

Sìkúrù tí ó ti lẹ̀ mọ́ igi fún àádọ́ta ọdún kì í gbọ́ ti agbára. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ha ojú rẹ̀ mọ́, ẹ gbé irin tí a fi ń jó òjé lé e lórí fún ìṣẹ́jú kan kí ó gbóná, ẹ kọ́kọ́ yí i wọlé díẹ̀ kí ẹ tó yí i jáde. Sìkúrù idẹ tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti di pupa bí ara bàbà ti kú, nítorí pé zinc inú rẹ̀ ti jáde tán, ẹ má dá a padà. Bronze ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí omi dé.

Fífá fáníṣì àtijọ́

Ẹ fi ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná sọ fáníṣì di rírọ̀, kí ẹ sì fi irin ìfá tí ó mú fá a, ní ipa ojú igi, kì í ṣe lódìkejì rẹ̀. Nítorí pé ojú igi ìpele inú àti ti òde kò dọ́gba, ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ yí nígbà tí ẹ bá bọ́ sínú ọkọ̀. Ẹ fi iná kọjá ni, ẹ má jẹ́ kí ó dúró lójú kan, kí ooru má baà dé inú gúlù. Ẹ̀rọ tí ń fi sáńdípépà yí bírí-bírí kò ní iṣẹ́ níbí. Ní ìṣẹ́jú kan péré ni ó ń ya awẹ́ òde. Ọwọ́ àti pákó pẹlẹbẹ tí a fi sáńdípépà wé ni kí ẹ lò, nọ́ńbà 120, lẹ́yìn náà 180, kí ẹ sì dúró nígbà tí igi bá ti mọ́, bí ó tilẹ̀ ku àbàwọ́n.

Bí ọ̀dà bá wà lára ọkọ̀ àtijọ́ náà, ẹ kà á sí pé òjé wà nínú rẹ̀ títí ẹ óò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi sáńdípépà gbígbẹ họ ọ́, ẹ má sì fi iná líle sun ún. Omi ni kí ẹ fi họ ọ́, pẹ̀lú ìbòmú tí ó dára, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà sí ibẹ̀. Eruku ìrókò náà máa ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sín, ó sì ń mú ara wọn yún. Ẹ má ṣe é láìfi nǹkan bo imú.

Fún àbàwọ́n dúdú tí omi fà, oxalic acid tí a pò mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó ń yọ ọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi kun ibẹ̀, ẹ dúró kí ó gbẹ, kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò, kí ẹ sì tún jẹ́ kí pákó gbẹ dáadáa.

Títún pákó ṣe

Níbi tí awẹ́ ti yà ṣùgbọ́n tí kò jẹrà, ẹ lu ihò kéékèèké tí ó fẹ̀ tó mílímítà méjì sí ibẹ̀, kí ó dé inú àlàfo náà nìkan, kí ó má yọ sí òdìkejì. Ẹ fi síríńjì fún epoxy, gúlù líle tí a ń po ìdá méjì pọ̀ kí ó tó gan, wọlé láti ihò kan títí yóò fi yọ láti èkejì. Ẹ tẹ́ ọ̀rá lé e, ẹ gbé pákó lé ọ̀rá náà, kí ẹ sì fún un pọ̀ títí ọjọ́ kejì. Ọ̀rá yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé epoxy kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, pákó tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ yóò di ara ọkọ̀.

Níbi tí ìjẹrà bá wà, ẹ gé e títí ẹ óò fi kan igi tí ó le, kí ẹ sì tún fi ìwọ̀n ìka méjì kún un, nítorí pé okùn olú náà máa ń kọjá ibi tí ojú rí. Ẹ má gé e bí ihò fèrèsé tí etí rẹ̀ gún ṣánṣán. Ẹ gé e ní àtẹ̀gùn, kí ìpele òde fẹ̀ ju ti àárín lọ, kí ti àárín sì fẹ̀ ju ti inú lọ, kí awẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan lè rí ibi jókòó lé. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìhà tí ìpele tí ó rọ́pò kọjú sí. Ẹni tí ó bá kọ ojú gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà kan náà ti ba agbára ìhà ọkọ̀ náà jẹ́. Ẹ wá awẹ́ tí àwọ̀ àti ojú rẹ̀ jọ ti àtijọ́. Mo máa ń tọ́jú gbogbo èérún agba tí mo bá rí lára ọkọ̀ tí kò ṣeé gbà là mọ́, nítorí pé igi tí ó ti gbó pọ̀ ni àwọ̀ wọn ń bára mu. Lára ọkọ̀ tí a fi pílíwúùdù kàn, bíi Mirror tàbí GP14, ẹ fá etí ihò náà dàgẹ̀rẹ̀ dípò àtẹ̀gùn, kí gígùn ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ nínípọn pákó náà.

Nípa epoxy fúnra rẹ̀: ẹ wọn ìdá méjèèjì gẹ́gẹ́ bí agolo ṣe sọ, ẹ má fi ojú díwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ fi èyí tí ó ṣàn kun ojú igi méjèèjì kí wọ́n mu ún, lẹ́yìn náà ni kí ẹ po ìyẹ̀fun silica mọ́ èyí tí ó kù títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, kí ẹ fi í sí ojú ìpàdé. Ẹ má fún un jù. Gúlù àtijọ́ ni ó fẹ́ kí a fún òun pa, epoxy fẹ́ kí díẹ̀ kù láàárín. Bí ó bá ti gan, ẹ fi omi àti kànrìnkàn nù ún, nítorí pé ó máa ń ní ohun kan tí ń yọ̀ bí epo lójú tí kì í jẹ́ kí fáníṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìrókò ní epo nínú. Ẹ fi acetone nù ún kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí epoxy kan ara yín rárá, nítorí pé ara tí ó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan yóò máa kọ̀ ọ́ títí ayé.

Àpótí pátákó àárín ni ibi tí ó ń jò jù. Ẹ gbé ọkọ̀ dúró bí ó ṣe ń dúró lójú omi, ẹ fi nǹkan dí ẹnu àpótí náà nísàlẹ̀, ẹ bu omi sínú rẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí omi ti ń sun jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi gúlù rọ́bà pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, ọdún tí ó tẹ̀ lé e yóò sì tún máa jò. Ẹ yọ àpótí náà, ẹ fọ ojú ìpàdé mọ́ dé igi, kí ẹ sì tún un jókòó.

Fáníṣì

Fáníṣì ni aṣọ tí ọkọ̀ wọ̀ lójú oòrùn àti òjò, ó sì tún ń dáàbò bo epoxy, èyí tí oòrùn máa ń sọ di ẹlẹ́gẹ́ bí kò bá sí nǹkan lórí rẹ̀. Ẹ fi omi wọ́n ilẹ̀ kí eruku má dìde. Ẹ po ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ohun tí ń mú un ṣàn, ìlàjì sí ìlàjì, kí igi lè mu ún. Ẹ dín ohun tí ń mú un ṣàn náà kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì wá lo fáníṣì lásán tí a kò pò mọ́ nǹkan kan. Ìgbà mẹ́fà ni ó kéré jù, mẹ́jọ sàn. Láàárín ìgbà kan sí òmíràn, ẹ fi sáńdípépà nọ́ńbà 320 fọwọ́ kan án títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹnu igi tí a gé, níbi tí ihò tín-ín-rín igi ti ṣí síta, ẹ fún un ní ìlọ́po méjì, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé bí ẹni fi ọ̀pá ìfámu fa á mu. Ẹ má fáníṣì ní ìrọ̀lẹ́ níta. Ìrì yóò sọ ọ́ di funfun kí ilẹ̀ tó mọ́.

Fáníṣì ìdá méjì tí a ń pò pọ̀, tí ó le bí gíláàsì, lè dúró lára Firefly nítorí pé ìhà rẹ̀ kì í sún. Ẹ má fi sí ọkọ̀ onípákó gbọọrọ, nítorí pé pákó yẹn ń wú, ó sì ń sún kì, fáníṣì líle yóò sì sán lójú ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Fáníṣì olóròóró tí ó lè nà ni ó yẹ é.

Nígbà tí ẹ bá ń dá irin padà, ẹ fi epoxy tàbí fáníṣì kun inú ihò sìkúrù kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yí i wọlé, kí ẹ sì fi gúlù rọ́bà sí abẹ́ irin náà. Òpó Firefly, alumíníọ̀mù ni. Ẹ má jẹ́ kí irin tí kì í dípẹtà kàn án láìsí nǹkan láàárín wọn, nítorí pé iyọ̀ yóò mú kí ó jẹ òpó náà.

Lẹ́yìn tí ó bá ti padà sómi

Ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn án ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti òkun dé, ẹ ṣí ihò ìṣanmi, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè kí omi lè sàn sí ìdí, kí ẹ sì dúró kí inú rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó bò ó. Aṣọ tí ń mí ni kí ẹ fi bò ó, kí ó gun òpó kan láàárín bí òrùlé kí omi òjò má lè dúró lórí rẹ̀. Ọ̀rá tí a fi dì í mọ́lẹ̀ burú ju kí a fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò lọ. Ibi tí nǹkan bá ha, ẹ fi fáníṣì kàn án lọ́jọ́ náà gan-an bí ó bá ti gbẹ. Lọ́dọọdún, ẹ fún un ní fáníṣì kan tàbí méjì. Níbi tí oòrùn ti le, bíi lọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ìgbòkun díje ní Lagos Yacht Club láti 1932, fífáníṣì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò pọ̀ jù. Ní ìgbà òtútù, ẹ da ojú rẹ̀ dé sínú ilé tí kò ní iná, lórí ìdúró tí ó gbé e níbi tí ó lágbára, kí ẹ sì máa wá kan án lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú owó ẹyọ yẹn, láti gbọ́ bóyá ó ṣì ń dún kó-kó-kó.